Ọmọ Oṣù Mẹ́jọ

Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹrin, Àsíátù kò mọ̀ mọ́ bóyá òun ló ń gbé ọmọ, tàbí ọmọ ló ń gbé òun. Láti àárọ̀ ni ó ti fẹ̀yìn ti àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí wọ́n fi ọ̀já fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan di ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn láyà, awọ ara kan awọ ara. Orí ọmọ náà, tí kò ju ọsàn kan lọ, wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ọyẹ́ ti ń wọ Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀. Oòrùn ìta kò mú. Ó kàn funfun bí omi ògì, ó sì rọra ń gba ojú fèrèsé wọlé bí àlejò tí kò fẹ́ jí onílé. Fáànù òkè kò yí, nítorí a kò fẹ́ kí otútù mú àwọn ọmọ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, bí ọmọ bá mí sínú, àyà Àsíátù a bá a lọ. Bí ó bá mí síta, a bá a bọ̀. Oorun a gbé e lọ díẹ̀, a tún gbé e padà, bí ọkọ̀ ojú omi tí a so mọ́ èèkàn.

Rodiat, ọmọ rẹ̀, ló bí i. Ojú Rodiat ti kọ́kọ́ wú nílé wọn ní Ibẹ̀fun, ó ní orí ń fọ́ òun, òun ń rí ìràwọ̀ ní ọ̀sán gangan. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e, gìrì ti mú un. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n gbé ọmọ obìnrin jáde, kílò kan ó lé díẹ̀, kò tó kílò kan àbọ̀. Rodiat yè, ṣùgbọ́n ó wà ní wọ́ọ̀dù òkè, oògùn gìrì kò jẹ́ kí ó lè la ojú pẹ́. Quadri ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà òkè Ọya pẹ̀lú ọkọ̀ àjàgbé tó ń wà. Inú fóònù ni a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ta ló wá kù tí yóò fi àyà mú ọmọ gbóná? Ìyá àgbà ni.

Àsíátù kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń pọn ọmọ sí láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Inúmidùn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, jókòó tì í ó sì ṣàlàyé. Ó ní ìwádìí kan ń lọ lọ́wọ́ nínú wọ́ọ̀dù náà lórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Wọ́n ti rí i pé ọmọ tí a bá fi sí àyà ènìyàn tọ̀sán-tòru máa ń yè ju èyí tí a dá dùbúlẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń wá nísinsìnyí ni bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí àyà náà. Àwọn tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n nínú ikùn ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: wọ́n ń fi kún wàrà àwọn kan kíákíá, wọ́n ń fi kún ti àwọn kan díẹ̀díẹ̀. Ìbò ló ń pín wọn. Wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀: ìwọ̀n ọmọ, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, wákàtí tó lò ní àyà, ẹni tó gbé e. “Ṣé ẹ̀yin náà gbà, Ìyá?” Àsíátù gbà. Ó tẹ̀ka sínú ìwé.

“Oṣù mélòó ni oyún náà?” ni Inúmidùn wá bi í, bírò lọ́wọ́.

“Méje,” ni Àsíátù wí.

Irọ́ ni.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n kà. Ó mọ̀ ọ́n kà ju ẹni tó bi í lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bí Àsíátù sí, kò sí obìnrin tí kò mọ̀ pé ọmọ oṣù méje a máa yè, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án a máa yè, ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́jọ kì í yè. Wọn kì í ṣe àríyànjiyàn lórí rẹ̀, bí a kì í ti í ṣe àríyànjiyàn pé ilẹ̀ yóò ṣú. Kò fẹ́ gbé òkú lé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Inúmidùn kọ “ọ̀sẹ̀ ọgbọ̀n” sínú ìwé, ìbò sì gbé ọmọ Rodiat sí apá àwọn tí a ń fi kún wàrà wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń fún wàrà jáde láti ọmú Rodiat lókè, wọ́n ń gbé e wá nínú ife kékeré, wọ́n ń fi sírínjì tì í gba inú rọ́bà tín-ín-rín kan tó gba imú ọmọ wọ inú ikùn rẹ̀. Wàrà náà kò kún ìdérí ìgò.

“Màmá Rodiat, ẹ ti ń hanrun o,” ni ohùn kan wí láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì. Edith ni, tíṣà láti Ọ̀dọ̀gbolú, tí òun náà di ọmọkùnrin rẹ̀, Joel, mọ́ àyà. “Bí ọmọ yẹn bá dàgbà tó ń hanrun, a mọ ẹni tó kọ́ ọ.”

Àsíátù la ojú. “Èmi? Èmi kì í hanrun láyé mi. Joel rẹ lo gbọ́.”

“Joel tí kò tó ẹja ọ̀bọ̀kún!”

“Ẹja kékeré ló ń pariwo nínú epo.”

Edith rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọgbẹ́ ikùn rẹ̀ mú. Òun nìkan ló wà. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ó yọjú, ó ní ẹranko ló ń gbé ọmọ báyìí, ó sì gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Edith bá fẹ́ wẹ̀, nọ́ọ̀sì ni yóò dúró dè. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì, kò ní wẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ máa sùn lọ,” ni ó wí. “Ó sàn kí ẹnìkan máa sùn nínú yàrá yìí.”

Ṣùgbọ́n Àsíátù kò lè padà sínú oorun náà, nítorí ọmọ ti tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń ṣe é. Ẹnu rẹ̀ a máa wá nǹkan kiri lórí àyà ìyá àgbà, a lọ sọ́tùn-ún, a lọ sósì, a wá lẹ̀ mọ́ ọmú tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, a sì máa fà á. Bí kò bá rí nǹkan, a fi ìkúùkù sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, jẹ́jẹ́, bí ewé kókò tí kòkòrò bà lé.

Inúmidùn wá, ó gún un ní gìgísẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ sórí ẹ̀rọ kékeré kan. Ojú rẹ̀ kò dùn. “Ṣúgà ara rẹ̀ tún wálẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí.” Wọ́n fi omi ṣúgà sí i lára. Ọwọ́ náà dákẹ́.

Inúmidùn kò lọ. Ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú, ó fi àtàǹpàkò nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń nu gíláàsì, ó ń wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Ẹsẹ̀ yìí ní ilà púpọ̀,” ni ó wí. “Ọmọ oṣù méje, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn a máa dán ni. Ó tún ń fa nǹkan bí ẹni tó ti ń mu ọmú tẹ́lẹ̀. Ìyá, ẹ dákun, oṣù méje yẹn dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ẹ má bínú pé mo tún bi yín.”

“Mi ò bínú, ọmọ mi.”

Ní ìrọ̀lẹ́, Dókítà Bọ̀wálé wá. Ọ̀dọ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, ṣùgbọ́n òun ni olórí ìwádìí náà nínú wọ́ọ̀dù. Ó ní òun kò fẹ́ràn bí ọmọ yìí ṣe ń gbọ̀n. Ọmọ tó kéré lóṣù tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá ń gbọ̀n, ó lè jẹ́ pé àìsàn ti wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọ̀la, òun yóò fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti eegun ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi mọ̀.

“Láti eegun ẹ̀yìn?” ni Àsíátù wí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan bo ẹ̀yìn náà tán, láti ọrùn dé ìdí.

“A ó rọra ṣe é, Màmá.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àsíátù jókòó sójú kan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní orúkọ. Bí òun bá sọ òtítọ́, bóyá wọn kò ní gún ẹ̀yìn ọmọ, ṣùgbọ́n wọn yóò gbọ́ “mẹ́jọ”. Òun sì ti rí ohun tí “mẹ́jọ” ń ṣe fún ènìyàn rí.

Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí. Ọjọ́bọ̀ ni, ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin. Òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì, kò dá. Ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ elépo daṣẹ́ sílẹ̀ ni, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, àfi ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ rìn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni òun. Ìrọbí mú un láìtọ́jọ́, wọ́n sì sáré gbé e lọ sílé ìyá àgbẹ̀bí. Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú yàrá náà. Ọ̀kan ń fẹ́ná sábẹ́ omi gbígbóná. Ọ̀kan ń ya aṣọ láǹkí-láǹkí tí wọn yóò fi wé ọmọ. Ọmọkùnrin jáde, ó ké lẹ́ẹ̀kan péré, ohùn rẹ̀ bí ti ọmọ ológbò. Ìyá àgbẹ̀bí bi í pé oṣù mélòó. Ó sọ òtítọ́. Ó ní mẹ́jọ.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ burúkú kan. Ẹni tó ń fẹ́ná kàn dìde nídìí iná. Ẹni tó ń ya aṣọ ká a ní ìṣẹ́po mẹ́rin, ó gbé e lé orí àpótí. Ẹnìkan fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, “Àsíátù, o ṣì kéré, wàá bí òmíràn.” Ọmọ náà ṣì ń mí. Lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mí títí di ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí iná ti kú, tí omi sì ti tutù.

Nínú oorun àárọ̀ tó gbé e lọ lórí àga, ó tún padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ funfun ló kún yàrá náà, bí ti ọyẹ́. Obìnrin mẹ́rin jókòó sórí àpótí gbọọrọ, wọ́n wọ aṣọ mímọ́, ojú wọn tutù. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun gbé omi kaná. Wọ́n mi orí fún un tìfẹ́tìfẹ́. Ìgbà náà ló rí i pé apá aṣọ wọn ṣófo títí dé ìsàlẹ̀; kò sí ẹyọ ọwọ́ kan láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ náà sì jókòó sórí ẹní, kò ké, ó ti dàgbà, ó ti di ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ kò ju ìkúùkù lọ. Ó gbójú sókè wò ó. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé wọ́n ti bi yín?”

Ó jí. Ilẹ̀ ti mọ́ tán. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹnu kan ń wá ọmú kiri.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí Dókítà Bọ̀wálé gbé páànù irin kékeré kan wọlé, pẹ̀lú òwú, ìgò oògùn tí ń pa kòkòrò àìsàn, àti abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rá. Inúmidùn tẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́ láti tú ọ̀já.

Àsíátù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọmọ. “Dókítà, ẹ dúró ná.”

“Màmá, kò ní pẹ́.”

“Mo ní kí ẹ dúró. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Edith gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Inúmidùn dá ọwọ́ dúró lórí ìdì ọ̀já.

“Oṣù tí mo sọ,” ni Àsíátù wí. Kì í ṣe ojú wọn ló ń wò. Ọwọ́ wọn ló ń wò. “Kì í ṣe méje. Mẹ́jọ ni.”

Dókítà Bọ̀wálé gbé páànù náà lé orí tábìlì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe gbé aṣọ lé orí àpótí. Àsíátù di ọmọ mú títí ọmọ fi kùn. Ṣùgbọ́n dókítà kò lọ. Ó fi ẹsẹ̀ fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀.

“Ta ló kà á?” ni ó bi í.

“Èmi ni.”

“Báwo lẹ ṣe kà á?”

Ojú ti Àsíátù láti sọ ọ́ níwájú ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni. Òun àti Rodiat jọ ń dáná sààrì, nítorí Quadri kò sí nílé. Ogúnjọ́ ààwẹ̀, Rodiat kò bá òun jẹ sààrì. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dé. Ọjọ́ mẹ́fà ni kò gbààwẹ̀. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, òun náà bá a gbà á kó má baà dá gbà á. Láti ìgbà náà kò rí nǹkan oṣù mọ́. Nígbà Iléyà, kò lè gbóòórùn ẹran. “Ẹ kà á láti ogúnjọ́ ààwẹ̀. Ó jẹ́ oṣù mẹ́jọ ó lé ọjọ́ méjì lójú òṣùpá, ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde.”

Inúmidùn ti fa fóònù rẹ̀ yọ. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń ka ọ̀sẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,” ni ó wí. “Géérégé. Dókítà, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún yín.”

“O sọ fún mi.” Dókítà fọwọ́ gba orí. “Nítorí náà kì í ṣe pé oṣù rẹ̀ kéré. Òun fúnra rẹ̀ ló kéré. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí oúnjẹ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ikùn. Kò ní ọ̀rá lára tí ó lè máa jẹ bí oúnjẹ bá pẹ́. Àwa náà sì wá ń fún un ní ìwọ̀n ọmọ oṣù méje.”

“Kí ló wá ń mú un gbọ̀n?” ni Àsíátù bi í.

“Màmá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ebi.”

“Ebi.”

“A ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá rẹ̀ láti wo bóyá àìsàn wà. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lè dúró ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ́ ọ.”

Ó gbé páànù irin náà fún Inúmidùn kó dá a padà.

Àsíátù kò tú ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní oṣù mẹ́jọ. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kì í yè.”

Inúmidùn ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó sì fi ohùn kékeré rẹ̀ dáhùn. “Ìyá, wọ́n ń yè. Wọ́n ń yè ju ti oṣù méje lọ. Bí oṣù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ọmọ ń pọ̀ sí i. Mo ti rí wọn tó ń lọ sílé, mi ò lè ka iye wọn mọ́.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Bí orúkọ mi.”

Inú Àsíátù kò dùn bí ènìyàn yóò ṣe rò pé ó yẹ kó dùn. Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára bí omi tútù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò tètè kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń yè, kí ló wá pa ọmọ ti Ọjọ́bọ̀ yẹn? Ó rí i pé òun ti mọ ìdáhùn náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ibi tó yẹ kí òun wò ni òun kò wò. Omi tó tutù ni. Iná tí wọ́n fi sílẹ̀ ni. Ó sọkún láìjẹ́ kí àyà òun mì, nítorí ọmọ wà lórí rẹ̀.

Nígbà tó yá, Inúmidùn gbé fáìlì ọmọ náà wá. Kò fi nǹkan pa “ọ̀sẹ̀ ọgbọ̀n” rẹ́. Ó fa ilà kan ṣoṣo lé e, ó kọ “mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n” sókè rẹ̀, ó kọ déètì, ó buwọ́ lù ú.

“O ò pa á rẹ́?” ni Àsíátù bi í.

“A kì í pa á rẹ́, Ìyá. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí tó fi yí padà.”

“Kí lo kọ?”

“Mo kọ ọ́ pé ìyá àgbà bẹ̀rù.”

Àsíátù ronú sí i. “Ó dára bẹ́ẹ̀.”

“Ìwádìí náà kò lè gbà á mọ́ ṣá. Oṣù rẹ̀ ti kọjá tiwa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa tú u kúrò láyà yín.”

Dókítà Bọ̀wálé ti jókòó sí ìkángun yàrá pẹ̀lú ìwé ńlá ìwádìí lórí itan. Ó ń ṣí i, ó ń fi ìka tọ ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Inúmidùn, wá wò ó,” ni ó wí. “Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta tí wọ́n bí síbí láti ìgbà òjò, tí a bi àwọn ènìyàn wọn lóṣù. Méje, méje, mẹ́sàn-án, méje, méje, mẹ́fà, méje. Ẹyọ mélòó ni mẹ́jọ?”

Inúmidùn wò ó. “Ẹyọ kan.”

“Ẹyọ kan. Mo rò pé báyìí ni wọ́n ṣe ń bímọ ní Ìjẹ̀bú ni.”

“Dókítà, tèmi o,” ni Edith ké láti orí bẹ́ẹ̀dì, “fọ́tò inú ikùn ni wọ́n fi ka Joel o! Ẹ má fa ilà kankan lé ọmọ mi lórí!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan Àsíátù tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Dókítà wá bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Màmá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀la, ìyá àgbà mìíràn lè jókòó sórí àga yìí. Báwo ni mo ṣe máa bi í tí kò fi ní sọ pé méje?”

“Má bi í lóṣù rárá,” ni Àsíátù wí. Kò mọ̀ pé òun ti fi “ẹ” sílẹ̀. Ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ. “Bí o bá bi í lóṣù, ikú lo bi í. Bi í léèrè ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kò gbààwẹ̀. Bó bá jẹ́ Onígbàgbọ́ ni, bi í pé ṣé ó ti rí nǹkan oṣù tán kí wọ́n tó ṣe Àjíǹde, àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o ka oṣù, kó o sì pa iye rẹ̀ mọ́ sínú.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́.

Wọ́n fi kún wàrà náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìrọ̀lẹ́ dé, ọwọ́ ọmọ kò gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kò fi àìsàn hàn. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, Inúmidùn sì ka nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́: ó ti fi ogún gíráàmù kún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti Rodiat wọlé lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́, ìwú ojú rẹ̀ ti rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ tínrín lórí aṣọ. Wọ́n tú ọ̀já. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọmọ náà fi àyà ìyá àgbà sílẹ̀ fún àyà mìíràn, ó kọjá nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bí ẹyẹ tí a gbé láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì, ó sì balẹ̀ sí àyà ìyá rẹ̀. Kò wá a kiri pẹ́. Ó la ẹnu, ó gbá ọmú mú, ó ń fà á, ó sinmi, ó tún ń fà á.

“Hẹ̀n-ẹ́n,” ni Rodiat wí, ojú rẹ̀ fẹ̀. “Ó lágbára!” Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. “Mọ́mì, wọ́n ní ẹ purọ́.”

“Mo purọ́.”

“Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nítorí irọ́ ẹran inú ìkòkò.”

“O ti jẹ ẹran náà tán kí n tó nà ọ́. Mu omi, kí wàrà lè pọ̀.”

Rodiat rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà òun àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn pọ̀, ẹnu ọmọ ṣì wà lórí ọmú.

Àsíátù dúró láàárín yàrá. Kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ibì kan wà láàárín àyà rẹ̀ tí ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, tí ó ti tutù. Afẹ́fẹ́ ń fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Ó fẹ́ de bọ́tìnnì bùláòsì rẹ̀, kò dè é. Ó wo Edith, tí irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí, tí kò rí àyè wẹ̀ lánàá, tí òní náà sì ti ń lọ.

“Tíṣà,” ni ó wí. “Gbé Joel wá.”

“Màmá?”

“Gbé e wá, kó o lọ wẹ̀. O ti ń rùn.”

“Màmá Rodiat!” ni Edith ké. “Ṣé èmi lẹ ń sọ̀rọ̀ sí?”

“Joel ni mo bá sọ̀rọ̀? Gbé e wá, mo ní.”

Àsíátù fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu àyà rẹ̀, ó sì jókòó sórí àga. Inúmidùn wò ó, ó wo Edith, ó wo ìwé. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀já mímọ́ kan, ó di Joel mọ́ ọn. Edith gbé tówẹ́ẹ̀lì, ó sáré jáde kí ẹnikẹ́ni tó yí ọkàn padà.

“Ìyá, Joel ṣì wà nínú ìwádìí,” ni Inúmidùn wí, bírò rẹ̀ lórí ìwé wákàtí. “Wọ́n ní kí n kọ ẹni tó gbé e, àti ohun tó jẹ́ sí i. Kí ni kí n kọ?”

Àsíátù ti pa ojú dé. “Kọ ọ́ pé a jọ wà ní yàrá ni.”

Inúmidùn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Joel yí ojú sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ibi tó tutù náà, oorun sì gbé e lọ.